Ọjọ́ Ìkúnlẹ̀ Ajá Ọba ní Ìlú Onírù

Ẹni tó bá ń jẹ nǹkan lọ́wọ́ nínú yín, kó gbé e mì. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, kó lọ báyìí kó sì tètè dé, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi Ọdẹ́níran ni mo ń sọ̀rọ̀. N kò jókòó níwájú olùkọ́ kankan rí. Igi ló kọ́ mi, ẹran ló kọ́ mi, ebi ló sì ń nà mí lẹ́gba nígbà tí mo bá ṣì í. Ìwé tí mo mọ̀, ara páálí ọṣẹ àti ara ògiri ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń kà á títí tó fi yé mi, kò sì sí ẹni tí mo jẹ ní ọpẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, mo rí yín. Ẹ tọ́jú ẹ̀rín yẹn, ẹ máa tó nílò rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín ni bí ajá kan ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ èmi náà di ajá.

Eegun mi ṣì le nígbà yẹn. Ẹtu kan ni mo yìnbọn fún, ó gba ọta sítan, ó sì sáré wọ Igbó Àìwẹ̀yìn. Àwọn ọdẹ ilé wa máa ń dúró lẹ́nu igbó yẹn ni, wọn a ṣí fìlà, wọn a ní kí ẹran náà máa ṣe ti àwọn ẹ̀mí. Ìtìjú gbáà. Èmi kì í fi ẹran tí mo ti ṣá lọ́gbẹ́ sílẹ̀ sínú ìrora. Mo wọlé.

Igi àkọ́kọ́ tí mo gba abẹ́ rẹ̀ kọjá gbá mi létí. Mo dúró, mo gbá òun náà. Ó bi mí pé kí ni mo gbá òun fún, mo ní òun ńkọ́, kí ló gbá mi fún? Ó ní bí òun ṣe ń kí àlejò nìyẹn. Mo ní èmi náà ń jẹ́ ẹ ni. Láti ibẹ̀ lọ, kò sí igi tó tún kí mi mọ́.

Kò pẹ́ tí mo fi bá iwin kan tó dábùú ọ̀nà. Orí rẹ̀ kò ju ọsàn lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rí gbọ̀ǹgbọ̀n bí odó. Ó ní kí n kúnlẹ̀ kí n ki òun kí n tó kọjá. Mo bi í pé ṣé orí ni kí n kọ́kọ́ kì ni tàbí ẹsẹ̀, nítorí wọn kò jọ ọmọ ilé kan náà. Inú bí i, ó ní imú mi dà bí ìdí ìkòkò. Mo ní ìkòkò tiẹ̀ ṣeé fi se oúnjẹ, òun tí orí rẹ̀ kò tó ìdérí ńkọ́? Ó bú baba mi. Mo bú ìran rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó kọ́kọ́ hù nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ la ń bá a lọ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ní láti ìgbà tí òun ti délé ayé, kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba orí òun rí. Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀, mo ní kó pẹ̀lẹ́. Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó fi èkejì júwe odò fún mi, ó ní ibẹ̀ ni ẹtu mi gbà.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà létí odò náà. Ìyá arúgbó kan jókòó sínú rẹ̀, ó fi etí rẹ̀ méjèèjì bora bí ìborùn. Ó kí mi dáadáa, ó bi mí léèrè ilé àti ọ̀nà, ó ní òun kì í gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tí òun bá gbé sọdá, ìbéèrè kan péré ni.

"Ọmọ mi, ta ni ń gbẹ́lẹ̀ tí kò ní òkú tí yóò sin, tó ń fa aṣọ ya tí kò bá ẹnikẹ́ni jà, tí wọ́n gbé ẹran síwájú rẹ̀ tó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ara rẹ̀ sì tutù nínú oòrùn ọ̀sán?"

Ẹ wo ẹnu mi yìí. Ẹlòmíràn ìbá kọ́kọ́ ronú. Èmi kò jẹ́ kí ó pa tirẹ̀ dé.

"Ajá abo ni, Ìyá. Yóò bímọ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú."

Ìyá náà ká etí rẹ̀ sókè, ó súfèé. "Ẹ jáde wá," ó ní. "Ó mọ̀ ọ́n."

Àwọn géńdé onírù tú jáde láti inú koríko, wọ́n gbé mi lápá lẹ́sẹ̀. Mo ní kí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ìyá náà ní n kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń bi àwọn ará ayé ní ìbéèrè yìí. Ẹnì kan á ní àgbẹ̀ ni, òmíràn á ní aṣiwèrè ni, òun á sì gbé wọn sọdá kí wọ́n máa bá tiwọn lọ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n nìkan ni kò gbọdọ̀ lọ, nítorí ọba ìlú àwọn ń wá a lójú méjèèjì. Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo àwọn tí kò mọ nǹkan kan ti délé wọn lálàáfíà, èmi tí mo mọ̀ ọ́n ni wọ́n gbé lọ bí ẹni gbé ẹrù igi.

Lẹ́nu ibodè ìlú náà, ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n so mọ́ òpó. Èèyàn bí tiwa ni, àfi ti ìrù ewúrẹ́ kan tó wà nídìí rẹ̀. Bí ó ti rí wa ló gbó, ó gbó, ó gbó. Nígbà tó sinmi, ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ni. Ẹ káàbọ̀."

Láṣojú lorúkọ rẹ̀, ọdẹ bíi tèmi, ará Òkè-Ìgbín, òun náà ti mọ ìdáhùn ìbéèrè Ìyá ọlọ́kọ̀ náà kí n tó dé. Òun ló là mí lọ́yẹ. Ó ní Ìlú Onírù nìyí, ajá ọba wọn lóyún, òfin wọn sì ni pé bí wọ́n bá ti kéde pé ajá náà ń rọbí, gbogbo ìlú á pa iná, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi nǹkan kan kan ẹnu títí ọmọ á fi bọ́ sílẹ̀. Òun rí i tí ajá náà ń gbẹ́lẹ̀, òun sì kéde. Wọ́n gbààwẹ̀ títí awọ ikùn wọn fi lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Mo bi í pé ajá náà ńkọ́.

"Aláǹgbá ló ń gbẹ́, ẹ̀gbọ́n." Ó wo ẹ̀yìn ara rẹ̀. "Ni wọ́n bá rán èyí mọ́ mi. Ó máa ń móoru díẹ̀ lọ́sàn-án."

Wọ́n gbé mi dé iwájú Onírù, ọba ìlú náà. Ìrù rẹ̀ gùn débi pé àwọn ẹmẹ̀wà fi ọpọ́n rù ú tẹ̀lé e lẹ́yìn. Gbogbo ìjòyè rẹ̀ ló rù hangogo, Ọ̀tún ìlú sì rù ju gbogbo wọn lọ, ojú ebi ló fi ń wo èmi gan-an. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọba, ẹ̀rù kọ́ o, ilé ire ni mo ti wá.

"Ìwọ ọdẹ," ọba ní, "Ìdùnnú ni orúkọ ajá mi. Olorì mi ló fi í sílẹ̀ fún mi kí ó tó kú. Èmi kò ní ẹlòmíràn tí ń dún nínú ilé. N kò fẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ bá mi lójijì, n kò sì lè tún fi ebi pa ìlú mi lásán. Bí o bá sọ ọjọ́ tó tọ́, wàá lọ sílé rẹ. Bí o bá ṣì í, òpó wà lódì kejì ibodè."

Kí n tó dáhùn, mo rí i pé ẹnì kan ń fi òwú wọn ìdí mi. Ìyá Abẹ́rẹ́ nìyẹn, iwin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ ìrù kọ́ apá: ti ẹṣin, ti màlúù, ti àgbò. Ó ní ìdí mi gbòòrò, pé ti ẹṣin ni yóò yẹ mí. Mo ní kó lọ wọn ti ara rẹ̀. Kò bínú. Ó ní gbogbo wọn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ Ìdùnnú. Orí ẹní olówùú ló dùbúlẹ̀ sí, àwọn ìjòyè yí i ká, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, wọ́n ń kí i kú ìrọ́jú. Mo jókòó tì í. N kò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Mo jẹ́ kí ó gbọ́ òórùn mi dáadáa ná. Lẹ́yìn náà ni mo wo ọmú rẹ̀. Ó ti wú, ó ti pọ́n, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, omi lásán ló yọ, kì í ṣe wàrà. Ikùn rẹ̀ ṣì wà lókè, ó rí rìbìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Mo ki ọwọ́ sí abẹ́ itan rẹ̀ níbi tí irun kò sí, ó gbóná bí ara ajá tó ní àlàáfíà. Mo ní kì í ṣe òní.

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni Ọ̀tún ń sáré tọ̀ mí wá. Ó ní Ìdùnnú ti gbẹ́lẹ̀. Mo lọ wò ó, mo rí imú rẹ̀ nínú ihò, mo ní eku ni. Ó ní kò jẹun láàárọ̀. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fún un lánàá, wọ́n ní odindi iṣu kan, ẹsẹ̀ ìgalà kan àti àṣẹ́kù ẹ̀kọ. Mo ní bí èmi ló jẹ irú ìyẹn, èmi náà á kọ oúnjẹ òwúrọ̀. Ó ní ó sùn jù. Mo ní ẹni tó ru ẹrù tó bẹ́ẹ̀ sínú, ṣé ijó ni kó máa jó? Ọ̀tún ní ẹnu mi mú. Mo ní ojú mi mú jù ú lọ, kó fi mí sílẹ̀ kí n fi ṣiṣẹ́.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ ní ajá nílé. Àmì kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rí. Ajá máa ń gbẹ́lẹ̀ nítorí ooru, ó máa ń kọ oúnjẹ nítorí àyó, ó máa ń mí hẹlẹ nítorí pé ó jẹ́ ajá. Ìgbà tí àwọn àmì náà bá pàdé ara wọn lára ajá kan lọ́jọ́ kan ni kí ẹ tó dìde. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fọwọ́ kan abẹ́ itan rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, tí Ìyá Abẹ́rẹ́ náà sì ń tẹ̀lé mi lẹ́yìn, tó ń ya ìrù ẹṣin náà ní òòyà.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni mo débẹ̀ tí mo rí i pé ikùn ti wálẹ̀. Ìhà rẹ̀ ti wọnú, egungun ìdí rẹ̀ ti yọ. Mo tẹ ọmú rẹ̀, wàrà funfun ta sí mi lọ́wọ́. Mo gbé ẹ̀dọ̀ ẹran tútù síwájú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ tí ajá ń torí rẹ̀ jalè, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó yíjú sí ògiri. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ó ti fa ẹní olówùú ya, ó ti wọ́ agbádá sányán ọba bọ́ láti orí ìkọ́, ó ti ya ìyẹn náà jálajàla, ó ń fi ọwọ́ kó àkísà rẹ̀ jọ. Ó ń gbọ̀n, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń yíjú wo ẹ̀yìn ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè láti ibẹ̀, ó sì ń lá abẹ́ ìrù rẹ̀ níbi tí omi kan ti ń fà bí ilá. Mo ki ọwọ́ sábẹ́ itan rẹ̀. Ibi tó ti ń gbóná láti ìgbà tí mo ti dé, ó ti tutù.

Mo jáde sí àgbàlá, mo ní, "Kábíyèsí, òní ni."

Wọ́n kéde. Iná kú káàkiri ìlú, èéfín ìkẹyìn lọ sókè, gbogbo onírù, ọkùnrin àti obìnrin, sì rọ́ wá sí ààfin. Wọ́n kún yàrá, wọ́n kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn tí kò ráyè gun ògiri. Ìdùnnú gbé ọmọ rẹ̀ nínú lọ sí igun yàrá, wọ́n tẹ̀lé e. Ó lọ sábẹ́ àga, wọ́n gbé àga kúrò kí wọ́n lè kí i dáadáa. Ó lọ sídìí àwo omi, àwọn ìyá àgbà tò yí i ká, wọ́n ń sọ fún un pé yóò gbóhùn ìyá, yóò gbóhùn ọmọ. Ìdùnnú gbé ìrora rẹ̀ mì, ó sì ń rìn.

Mo sọ fún ọba pé kí gbogbo ènìyàn kúrò. Mo ní ajá kì í bímọ níwájú èrò, pé yóò há ọmọ mọ́nú ni, ọmọ náà lè kú síbẹ̀, òun náà lè bá a lọ.

Ojú ọba le. "Ní ìlú yìí, a kì í fi ẹni tó ń rọbí sílẹ̀ lóun nìkan," ó ní. "Olorì mi nìkan ló wà nígbà tí ìrọbí tiẹ̀ dé, ó sì bá a lọ. Ojú ọ̀nà ni mo wà. Kò sẹ́ni tí yóò kúrò."

Mo padà lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.  

Oòrùn kọjá àárín ọ̀run. Ikùn àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn káàkiri yàrá. Ọ̀tún wò mí, ó wo Ìyá Abẹ́rẹ́. Ìyá Abẹ́rẹ́ fi itọ́ tọ́ òwú, ó fi bọ ojú abẹ́rẹ́. Ìdùnnú dúró sí iwájú mi, ó gbé ojú sókè wò mí, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, mo sì rí ikùn rẹ̀ tó sún kì tó tún tú. Ó ti ń ti ọmọ, ó sì ń dá a dúró. Mo mọ̀ pé kò ní pẹ́ mọ́ tí òkú yóò fi wà nílẹ̀, kò sì ní já mọ́ nǹkan kan pé mo ti sọ ọ́ tí wọn ò gbà mí gbọ́.

Ni mo bá rìn dé ibi ọpọ́n. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá ìrù ọba mú, mo sì sá.

Ẹ fọkàn yàwòrán rẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn rí láti ìgbà tí wọ́n ti fi jẹ ọba, èmi ni mo gbé e kọ́ èjìká bí okùn ewúrẹ́, ọba sì ń sáré tẹ̀lé ìrù ara rẹ̀, ìjòyè ń sáré tẹ̀lé ọba, gbogbo ìlú ń sáré tẹ̀lé ìjòyè. Mo gba ojú ọjà, mo gba ẹ̀yìn ààfin, mo gba ẹnu ibodè. Láṣojú tiraka títí ó fi tú okùn ara rẹ̀, ó ń sáré tẹ̀lé wa, ó ń gbó, n kò sì mọ̀ títí dòní bóyá èmi ló ń gbó ni tàbí àwọn. Ọba ń bẹ̀ mí pé kí n rọra fà á. Mo ní kí Kábíyèsí máa sáré bọ̀, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yá, kò ní dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo yí ìlú náà po tán, tí mo tún padà sí àgbàlá ààfin, èémí mi tán. Wọ́n bò mí mọ́lẹ̀. Ọ̀tún jókòó lé mi lẹ́yìn, egungun rẹ̀ gún mi ju ọ̀bẹ lọ. Mo gbọ́ tí Ìyá Abẹ́rẹ́ ń ní kí wọ́n rọra dì mí mú kí ìrán òun má bàa wọ́. Ẹnu abẹ́rẹ́ kan ìdí mi, ó tutù.

Ohùn kékeré kan dún nínú ilé. Ó tún dún. Òmíràn gbè é.

Ìyá Abẹ́rẹ́ dá ọwọ́ dúró. Ọba dìde nínú eruku, ó gbá ìrù rẹ̀ mọ́ra, ó sì wọlé lóun nìkan. A dúró títí kò jáde. Nígbà tí Ọ̀tún dìde lẹ́yìn mi tí èmi náà yọjú wo inú ilé, orí ìtẹ́ ni Ìdùnnú wà. Ó ti kó àkísà sányán gùn orí ìtẹ́ Onírù, ó ká ara rẹ̀ yí àwọn ọmọ ká, ó ń lá èyí tó kẹ́yìn, wọ́n rọ̀ mọ́ ọmú rẹ̀ bí èso. Ọba jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́bàá ìtẹ́ náà. Ó fẹ́ fọwọ́ kan ọ̀kan, Ìdùnnú kùn, ọba sì yára fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn bí ọmọdé.

"Èmi ni mo dí i lọ́wọ́," ó ní.

Mo ní, "Ẹ fẹ́ràn rẹ̀ ni, Kábíyèsí. Ó kàn ń wá ibi tí ìfẹ́ yín kò ní í tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀ ni."

 Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n dáná. Ó ní kí Ìyá Abẹ́rẹ́ tú ìrù tó rán mọ́ Láṣojú. Ó ní ní ti èmi tí mo fa ìrù ọba, ikú ni ẹ̀san rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń pàṣẹ rẹ̀ láti orí ilẹ̀, àfi kí òun dúró kí Ìdùnnú fi ìtẹ́ sílẹ̀; kí n yáa tètè máa lọ kó tó di ìgbà náà. Mo gbọ́ ọ kedere. Èmi àti Láṣojú gba ẹnu ibodè jáde. A bá ẹtu mi lórí ọ̀nà, ó ti kú. Láṣojú dá a mọ̀ kí n tó rí i. Ó ní òórùn rẹ̀ ni. 

Ọ̀pọ̀ òjò rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn kí n tó tún ṣọdẹ wọ inú Igbó Àìwẹ̀yìn lọ jìnnà. Mo gbọ́ ìró èémí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mo na ìbọn síwájú, mo yọ́ lọ. Gbogbo Ìlú Onírù ni mo bá níta odi wọn, lábẹ́ igi, ọkùnrin àti obìnrin, àwọn ìyá àgbà gbé ìkòkò tútù lé itan, Ọ̀tún fi ọwọ́ di ikùn mú kó má bàa kùn. Ibodè ṣí sílẹ̀, kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú ìlú. Ọba jókòó sórí gbòǹgbò, ìrù rẹ̀ ká jọ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rí mi. Ó fi ìka lé ẹnu.

"Ẹ rọra o, ọdẹ," ó ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ọmọ Ìdùnnú tó jẹ́ abo ló fẹ́ bímọ. Ara rẹ̀ ti tutù láti àárọ̀."

Ó sún fún mi lórí gbòǹgbò náà. Mo gbé ìbọn mi kalẹ̀, mo jókòó tì í, àwa méjèèjì sì na etí sí ìlú tó dákẹ́.

Ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ náà dé nìyẹn. Ẹ dìde, ẹ na ẹsẹ̀ yín.